Ìṣó Salman Lórí Páànù

Tí òjò bá ti ṣú ní Ẹdẹ, kò sí ẹni tí ara rẹ̀ máa ń yá bíi ti Àwáwù. Àwọn aládùúgbò á máa sáré ká aṣọ lórí okùn, ẹni tó sá ẹ̀lùbọ́ á máa kó o wọlé, àwọn ọlọ́kadà á máa wá abẹ́ tí wọ́n á sá sí. Ní ti Àwáwù, fóònù ló ń wá kiri. Á wò ó bóyá iná inú rẹ̀ tó, á fi etí ìró nu ojú rẹ̀, á gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, á wá jókòó tì í bí ẹni tó ń retí àlejò.

Àlejò náà ni Salman, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní Kánádà. Salman ní nǹkan kan nínú fóònù tirẹ̀ tó máa ń fi ojú ọjọ́ Ẹdẹ hàn án. Tí òjò bá ń rọ̀ ní Ẹdẹ, àwòrán kùrukùru á yọ níbẹ̀, Salman á rántí pé òrùlé ilé bàbá òun ń jò, á sì pe ìyá rẹ̀. Tí oòrùn bá ràn, kì í pè. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Ẹni tó bá dán an wò kó sọ bẹ́ẹ̀ létí Àwáwù, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa mọ̀ ọ́n. Salman ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ ṣe aláìní rí. Ọkọ̀ ẹrù gàgàrà ló ń wà lọ́hùn-ún, lójú ọ̀nà tí kò lópin, tí èèyàn á fi wakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ láìrí ẹni tó máa kí. Ọ̀rọ̀ sísọ ni kò mọ̀. Bàbá rẹ̀ náà nìyẹn kó tó kú. Ọládòṣù lè jókòó ti ìyàwó rẹ̀ láti ìrun Àsárì títí di Màgàríbà, kó má sọ ju pé iyọ̀ ọbẹ̀ òní dáa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó tini láìsọ̀rọ̀, ó ṣì jókòó tini.

Ọládòṣù ló kọ́ ilé ọ̀hún, ilé oníyàrá mẹ́fà tó ṣẹ́rí igun, tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Báyìí, yàrá kan ni Àwáwù ń sùn, àwọn yòókù ń sùn fúnra wọn. Kaosarah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló máa ń pè, tòun tariwo ọmọ lẹ́yìn, kí Àwáwù sì tó bi í pé ara ńkọ́, ọmọ kan á ti da nǹkan nù, Kaosarah á ní òun ń bọ̀, ó di Jímọ̀ mìíràn. Iwájú ilé ni Àwáwù ti ń ta búùtà àlùwàlá, ẹní ìkírun àti tẹ̀súbáà, débi pé Ìyá Oníbúùtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Lójúmọmọ, kò dá wà. Ẹni tó ń kọjá lọ kírun á kí i, ẹni tó ń bọ̀ á kí i. Ṣùgbọ́n tó bá kó ọjà wọlé, ilé á dákẹ́ ròrò. Ááfà wọn ti kọ́ wọn pé èèyàn gbọ́dọ̀ sálámà tó bá ń wọlé, kódà bí kò bá sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé àwọn màláíkà á dáhùn. Àwáwù kì í jẹ ẹ́ gbèsè. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á sálámà, á fún wọn láyè díẹ̀ kí wọ́n dáhùn. Ó ní ó kéré tán, àwọn yẹn ò ní sọ pé àwọn ń wakọ̀ lọ́wọ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Salman pè nítorí òjò, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá ilé ò jò. Àwáwù ní ó ń jò o.

“Níbo gan-an, Màámi?”

“Nínú pálọ̀.”

“Mo gbọ́ pé pálọ̀. Lórí òrùlé ńkọ́? Ṣé lára kápù ni àbí lára fálè?”

Salman ti bá àwọn káfíńtà ṣiṣẹ́ díẹ̀ rí lẹ́yìn tó jáde ìwé mẹ́wàá, ó sì gbàgbé pé kò ran ìyá òun. Àwáwù gbójú sókè. Àjà ló rí, tí omi ti ya àwòrán bíi ti ewé kókò sí lára. Ó ní, “Òkè ni.”

Salman rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kí wọ́n bi káfíńtà, òun á tún pè. Òjò ọjọ́ náà kò tíì dá tí ọ̀rọ̀ ti tán. Ó sì di ìgbà tí òjò mìíràn rọ̀ kó tó pè lóòótọ́, àwọn méjèèjì tún sọ̀rọ̀ ìwọ̀nba yẹn náà: òkè ni, ẹ bi káfíńtà, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Àwáwù jókòó rò ó. Ọmọ yìí fẹ́ sọ̀rọ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ nìyí, ìyá rẹ̀ ni kò ní ọ̀rọ̀ tó máa fi dá a lóhùn. Bó ṣe ránṣẹ́ sí Teslim nìyẹn.

Teslim jẹ́ káfíńtà onípáànù, ọkùnrin tó ti ń hewú lórí, tí ilé rẹ̀ wà lọ́nà Sekona. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dé, ó gbé àkàsọ̀ ti ògiri, Àwáwù sì ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

“Kì í ṣe pé kí o gun òkè. Mo fẹ́ kí o kọ́ mi lórúkọ wọn ni.”

“Orúkọ ta ni, Màmá?”

“Orúkọ ohun tó wà lókè yẹn. Gbogbo wọn.”

Teslim wò ó títí. “Àbí ẹ fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ ni?”

“Tí mo bá fẹ́ kọ́ ọ ńkọ́? O ò ní gbà mí?”

“Màá gbà yín. Ẹ̀yin lẹ máa máa gbé pákó.”

Àmọ́ ó kọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi yàwòrán òrùlé sínú iyanrìn níwájú àwọn búùtà. Ó ní kí Àwáwù kọ́kọ́ mọ̀ pé páànù kò lè dá dúró, pé aṣọ lásán ni páànù jẹ́, àwọn igi abẹ́ rẹ̀ ni egungun. Igi tó nà lé orí ògiri yíká ni ìpìlẹ̀ òrùlé. Àwọn igi méjì-méjì tó dàgẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri lọ sókè, tí wọ́n forí kanra, ni ẹkẹ́. Igi tó nàró láàárín, tó fi orí gbé ibi tí àwọn ẹkẹ́ ti pàdé, ni òpó àárín. Lẹ́yìn náà ni pọ́lìn, àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lórí àwọn ẹkẹ́. Ara wọn ni wọ́n ń kan páànù mọ́. Níbi tí páànù ọ̀tún àti tòsì ti pàdé lókè pátápátá, wọ́n á tẹ páànù kan dé e, ìyẹn ni kápù, fìlà ilé. Níbi tí ilé bá sì ti ṣẹ́rí igun bíi tiwọn yìí, tí òrùlé méjì da omi sínú ara wọn, kòtò tí àgbàrá ń gbà kọjá níbẹ̀ ni fálè. Pákó tó lẹ̀ mọ́ etí òrùlé yípo ni féṣà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti ń dà.

Àwáwù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Àwáwù ní òun náà á sọ ọ́ kí Teslim gbọ́. Ó fi pọ́lìn pe ẹkẹ́, Teslim bu ẹ̀rín, ó ní ilé yìí ti wó báyìí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, kò ṣì í mọ́. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, bó bá ń fi tẹ̀súbáà ka sùbúhánà lẹ́yìn ìrun Súbúhì, ó lè ṣàdédé gbọ́ kí ẹnu òun máa sọ pé ẹkẹ́, pọ́lìn, kápù, á yára tọrọ àforíjì, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn náà rọ̀ dáadáa. Fóònù dún.

“Ibo ló ń jò, Màámi?”

“Fálè ń dà díẹ̀ síbi ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kápù dúró dáadáa, kò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lápá tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, ibi tí páànù méjì ti gun ara wọn lókè pọ́lìn kẹta, ibẹ̀ ń jò. Féṣà ẹ̀gbẹ́ kànga náà sì ti jẹrà.”

Àwáwù gbọ́ ẹ̀rín lọ́hùn-ún, ẹ̀rín tòótọ́, irú èyí tí kò gbọ́ lẹ́nu Salman láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé.

“Màámi, ta ló kọ́ yín?”

Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ̀rọ̀ títí òjò fi dá. Láti orí féṣà ni Salman ti bọ́ sórí kànga, láti orí kànga ó béèrè igi òróńbó ẹ̀yìnkùlé bóyá ó ṣì ń so, láti ibẹ̀ ó jẹ́wọ́ pé ẹ̀bà tóun ń tẹ̀ máa ń ní kókó. Àwáwù kọ́ ọ bó ṣe máa da gààrí sí omi. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, etí rẹ̀ gbóná, ó sì lọ sálámà fún gbogbo yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Salman fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ọmọ gidi ni, kò lè máa gbọ́ pé ilé ń jò kó wò ó níran. Ó bá Teslim sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, Teslim sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú páànù tuntun àti ọ̀dà dúdú nínú garawa. Ó pààrọ̀ páànù fálè. Ó fa páànù kejì gun èkíní dáadáa, ó sì kàn án pa. Àwáwù dúró nísàlẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tí òòlù ń dún. Nígbà tó yá, òòlù dákẹ́, Teslim sì yọ orí létí òrùlé.

“Màmá, ta ló kan ìṣó kan báyìí níbí? Kì í ṣe káfíńtà.”

Ó ṣàlàyé pé páànù ní ibi tó yọ gegele, ó ní ibi tó jin kòtò. Orí gegele nìkan ni wọ́n ń kan ìṣó sí, torí inú kòtò ni omi ń ṣàn gbà. Ẹni tó kan èyí, àárín kòtò gan-an ló kàn án sí. Wọ́n ti fi ọ̀dà dí i, wọ́n tún dí i, ọ̀dà ti là. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ì bá ti yọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

Àwáwù mọ ẹni tó kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n kan òrùlé ilé náà, ẹbí wá láti ìlú Ara àti Awo, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwọn káfíńtà jókòó sórí ẹkẹ́ bí ẹyẹ. Bí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n, wọ́n á jọ máa lu igi lókè pàpàpà, wọn ò ní dẹ́kun títí ìyàwó onílé á fi jáde wá dá wọn lóhùn. Wọ́n sì ní àrẹ̀mọ ilé gbọ́dọ̀ kan ìṣó kan, kó lè mọ̀ pé ilé òun ni. Ọládòṣù gbé Salman gun àkàsọ̀. Ọmọ náà ò tíì ju ẹni tó ń pààrọ̀ eyín lọ. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di òòlù mú, ó gbá ìṣó síbi tó wù ú, ìsàlẹ̀ sì hó yè. Olórí káfíńtà fẹ́ yọ ọ́ kó tún un kàn síbi tó yẹ. Ọládòṣù tí kì í sọ̀rọ̀ ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ọmọ òun ló kàn án. Gbogbo ìgbà tó fi wà láyé, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gùn ún lọ kun ọ̀dà lé e.

“Teslim,” ni Àwáwù wí, “fi ìyẹn sílẹ̀.”

“Èwo?”

“Ìṣó yẹn. Má fọwọ́ kàn án.”

“Màmá, ibẹ̀ ló máa jò jù.”

“Mo mọ̀.”

Teslim bọ́ sílẹ̀ lórí àkàsọ̀ kó lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. “Ẹ wá fẹ́ kó máa jò.”

“Díẹ̀ náà ni. Omi ò lè pa mí.”

“Èmi ló máa pa. Wọ́n á ní Teslim ló tún un ṣe.”

Àwáwù gbá etí ìró rẹ̀ mú, ó wo ilẹ̀. “Tó o bá dí gbogbo rẹ̀, kí ni Salman máa pè mí fún? Mi ò sì lè sọ pé ilé ń jò nígbà tí kò jò. Mò ń kírun, Teslim.”

Káfíńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó lọ. Kò tilẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Báyìí ni òjò tó kù lọ́dún náà ṣe ń bá Àwáwù nílé. Ó gbé búùtà aláwọ̀ ewé kan sábẹ́ ibi tí ìṣó náà ti ń jò ní pálọ̀, ó ṣí ìdérí rẹ̀, omi á máa kán sí i tó, tó, tó. Omi òjò mọ́, ó sì ń wẹni mọ́. Òun ló fi ń ṣe àlùwàlá, kó má bàa dà bíi pé òun ń fi nǹkan ṣòfò. Tí Salman bá pè, á sọ òtítọ́: fálè ti dáa, etí páànù ti dáa, ìṣó kan ló kù. Kò sọ ìṣó ta ni. Wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí ìṣó yẹn títí, á sì tibẹ̀ kan nǹkan mìíràn. Àmọ́ lórí ìrun, bó bá ti forí kanlẹ̀, ó máa ń ṣe é bíi pé Ọlọ́run ń wo búùtà yẹn lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé Salman á bínú. Ìṣó kan ṣoṣo, òjò lẹ́yìn òjò? Kò bínú sí ìyá rẹ̀, Teslim ló bínú sí. Ó pè é láti Kánádà, ó ní ayédèrú káfíńtà ni, pé òun á wá ẹlòmíràn tó máa ṣí gbogbo òrùlé náà dànù. Teslim gbé e mì. Kò sọ ohun tí Àwáwù sọ fún un.

Ní ọjọ́ kan tí Àwáwù lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ara, Teslim gbé àkàsọ̀ rẹ̀ wá. Nígbà tí ìyá náà fi máa padà dé, ó bá a tó jókòó sórí àpótí níwájú ilé, tó ń dúró dè é, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọ̀dà.

“Mo ti yọ ọ́, Màmá. Ẹ má bínú. Orúkọ mi ni mo fi ń jẹun.”

Ó na ìṣó náà sí i. Ó ti dípẹtà, ọrùn rẹ̀ wọ́, fìlà orí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Àwáwù gbà á. Kò bínú, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú ẹ̀. Ó ní kó kí ìyàwó rẹ̀. Ó wọlé, ìgbà tó dé àárín pálọ̀ ló tó rántí pé òun ò sálámà.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Àwáwù ò mọ ìdí tó fi gbé búùtà aláwọ̀ ewé yẹn síbi tó máa ń gbé e sí, àmọ́ ó gbé e síbẹ̀. Òjò ń pa páànù bí ẹni ń da ẹ̀kùrọ́ lé e. Ó ń wo ẹnu búùtà. Ẹnu búùtà ń wò ó. Kò sí ohun tó kán.

Fóònù dún.

“Màámi, ẹ kú òjò. Òrùlé ńkọ́?”

Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó lè sọ pé òun ò tíì wò ó. Ó lè sọ pé òjò ò tíì le. “Kò jò mọ́,” ló sọ.

“Kò jò rárá?”

“Rárá.”

“Alihamudulilahi.” Àwáwù ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń wà, tó ń lọ sí ibi tí òun ò lè fojú inú rí. “Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màámi. Màá pè yín.”

“Salman, ìwọ lo kàn án.”

“Kí ni?”

“Ìṣó tó ń jò. Ìwọ lo kàn án lọ́jọ́ tí wọ́n kan òrùlé. Bàbá ẹ ló gbé ọ gòkè. Inú kòtò lo kàn án sí, wọ́n fẹ́ yọ ọ́, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀.”

Ohùn Salman lọ sílẹ̀. Ó ní òun ò rántí. Ó ní òun gbìyànjú láti rántí báyìí, òun ò rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ìṣó náà dà. Àwáwù ní ó wà lọ́wọ́ òun. Lóòótọ́, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Salman ní òun ti dé ibi tóun ti máa já ẹrù, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Òjò tó tún rọ̀, kò pè. Èyí tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò pè. Àwáwù nu fóònù náà títí ojú rẹ̀ fi ń dán. Ó kó búùtà aláwọ̀ ewé jáde, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà sínú ọjà, ẹnì kan sì rà á lọ. Ó padà sídìí omi kànga. Lórí ìrun, kò sí búùtà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ lápá ibẹ̀, àmọ́ ilé náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ń jókòó sí pálọ̀ kó máa gbọ́ bí òrùlé náà ṣe ń gba omi dà nù tónítóní, láti kápù, lórí páànù, dé etí féṣà, láìsí ọ̀kan tó yà wá kí i. Teslim ṣiṣẹ́ gidi. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè.

Òjò ọdún náà tán. Ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, eruku bo àwọn búùtà, ó di pé kó máa nù wọ́n ní àràárọ̀. Ibi tó ti ń nù wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni fóònù ti dún nínú ilé. Ó rò pé Kaosarah ni, ó rántí pé kì í ṣe Jímọ̀. Ó sáré wọlé. Orúkọ Salman ló wà lójú rẹ̀. Kó tó gbé e, ó yọrí lójú fèrèsé, ó wo ojú ọ̀run. Funfun ni, gbígbẹ táútáú, kò sí kùrukùru tó tó àtẹ́lẹwọ́.

“Màámi, ẹ̀gbẹ́ wo ni? Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni àbí ẹ̀gbẹ́ kànga?”

“Kí ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wo?”

“Ìṣó yẹn. Ibi tí bàbá gbé mi gùn.”

“Òjò ò rọ̀ níbí o, Salman.”

“Mo mọ̀. Mo ti wò ó.”

Ó fi ẹsẹ̀ fa àpótí sún mọ́ ara rẹ̀, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ kejì wá ìṣó náà níbi tó so ó mọ́ létí ìró.

“Ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ni,” ló wí. “Lókè pọ́lìn kẹta. Ṣé o mọ pọ́lìn kẹta?”